Gbogbo Wa La Wà Ní Ọ́fíìsì Lọ́jọ́ Náà

Ẹyin lohùn. Àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀ títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì fi ẹnu ara rẹ̀ fọ́ nǹkan rí kò lè mọ bó ṣe ń dunni tó. Chérifatou ti mọ̀ ọ́n báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló dìde níwájú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Kétu, ó ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò ó, ó sì wí ketekete pé, "Ọ́fíìsì ni iṣẹ́ yẹn ti wá." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ìpàdé ló mọ̀ pé lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ń wí, Fidèle nìkan ló wà ní ọ́fíìsì, nítorí náà kò yàtọ̀ sí pé ó na ìka sí ọmọkùnrin náà lójú.

Ohun tí wọ́n ní Fidèle ṣe nìyí. Katakata kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ní, abúlé tó ń retí rẹ̀ sì pọ̀. Inú fóònù ni àwọn àgbẹ̀ ti ń gba ọjọ́ tí yóò dé oko wọn. Abúlé kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀, kóòdù tí ẹnu púpọ̀ sì ti mọ̀, nítorí àgbẹ̀ kì í fi kóòdù pamọ́ fún àna tàbí fún ọ̀rẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ pupa òkè Kétu ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀, kálukú ń wá bí àgbàdo òun yóò ṣe tètè wọlẹ̀. Lójijì, gbogbo ọjọ́ tí àwọn ará Adakplamè ti gbà pòórá. Ẹnìkan ti lo kóòdù wọn láti fi pa á rẹ́. Katakata lọ sí ibòmíràn, oko Adakplamè wà nílẹ̀ pẹ̀lú koríko lórí rẹ̀.

Fidèle ni akọ̀wé ẹgbẹ́, ọmọ Odomèta ni. Bí wọ́n bá lé e lónìí, òfin ẹgbẹ́ ni pé katakata kò gbọdọ̀ tẹ oko ilé wọn mọ́. Marguerite ìyá rẹ̀ sì rèé, opó, tí kò ní ohun mìíràn láyé ju oko yẹn lọ. Ìgbà tí oòrùn bá rọ̀ ni ìpàdé ìdájọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé náà, Chérifatou ń ro ògì nínú agbo ilé ọkọ rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan rò ó, ó sì ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù láti gba ọjọ́ katakata fún Làmídì, ọkọ rẹ̀. Ògì jinná, àwọn ọmọ mu ún, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ ẹgbẹ́. Ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kí ó tó lọ́kọ sí Kétu. Ó ṣí ibi tí àwọn iṣẹ́ tí fóònù àgbẹ̀ ń rán wọlé ń kọ ara wọn sí, ó ní kí òun wo tòun. Ó rí i. Orúkọ Làmídì rèé, ọjọ́ rèé. Níwájú rẹ̀, níbi tó yẹ kí àdírẹ́ẹ̀sì fóònù òun wà, nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí iṣẹ́ ti wá, àdírẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì ni wọ́n kọ.

Ó rò pé ojú òun ni. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn. Ó wo èyí tó tẹ̀lé e, tí ará Kpankou kan fi ránṣẹ́: ọ́fíìsì. Ó wo ti Odomèta: ọ́fíìsì. Ó ń fà á sókè, ó ń fà á sókè, kò sí ẹyọ kan tí kò sọ pé láti ọ́fíìsì ni òun ti wá.

"Yéè," ó sọ fún ara rẹ̀. "Mo ti jẹ́rìí èké pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ẹ jẹ́ kó yé wa. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ibodè wá sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ó ti wà níbẹ̀ kí ọjọ́ àwọn ará Adakplamè tó pòórá. Tẹ́lẹ̀, fóònù àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń bá ẹ̀rọ ńlá tó wà ní Kútọnu sọ̀rọ̀ tààrà, bí nẹ́tì Kútọnu bá sì ti lọ, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Nísinsìnyí ọ̀dọ̀ ibodè ní Kétu ni gbogbo iṣẹ́ ń kọ́kọ́ dé sí. Òun ni yóò gbà á, òun ni yóò gbé e dé Kútọnu. Nítorí náà, ibodè ń fi ìlà kékeré kan sórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti sọ pé lágbájá ló rán òun, ibi báyìí sì ni àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Bí ìlà yẹn bá já bọ́ lójú ọ̀nà, ẹni tó kan ilẹ̀kùn nìkan ni ẹ̀rọ Kútọnu yóò rí, òun náà ni yóò sì kọ sílẹ̀. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn Kútọnu lójoojúmọ́ kò ju ibodè lọ, ọ́fíìsì sì ni ibodè ń gbé.

Ibi tí Chérifatou jókòó sí tó ń ronú nìyẹn tí Fidèle fi wọlé. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dára, bí ẹni tó ń lọ sí ilé ẹjọ́. Ó na ọwọ́.

"Táńtì, mo kó kọ́kọ́rọ́ wá. Kí wọ́n má baà ní mo gbé e sá lọ."

"Fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Jókòó."

"Kí ni mo fẹ́ jókòó ṣe? Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ọ́fíìsì ni."

Kò gbé ohùn sókè. Ìyẹn gan-an ló dun Chérifatou. Ì bá sàn kó bú òun. Ó sọ ohun tó rí fún un. Fidèle kò yọ̀. Ó kàn ń wo ẹnu rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ti tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan.

"Ta ni yóò gbà á?" ó bi í. "Clément ni yóò gbà á?"

Clément ni olórí àwọn àgbẹ̀ Adakplamè, ẹnu rẹ̀ sì mú. Chérifatou ní kí Fidèle mú fóònù rẹ̀ bọ́ síta, kí ó rìn títí dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ó sì béèrè ọjọ́ katakata láti ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jókòó ti ibodè, ó ń wo ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde. Iṣẹ́ Fidèle wọlé. Ibodè fi ìlà sórí rẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì fóònù Fidèle wà nínú rẹ̀ gedegbe. Iṣẹ́ náà jáde lọ sí Kútọnu pẹ̀lú ìlà rẹ̀ lórí. Kò pẹ́ tí Kútọnu kọ ọ́ sílẹ̀: ọ́fíìsì.

Ìlà náà kúrò ní Kétu ní pípé, ó dé Kútọnu, ó sì ṣègbé. Kí ló gbé e mì?

Ó pe Jídé. Jídé ni ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ Kútọnu, ọmọ àwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá tẹ̀dó síbẹ̀, ọmọ tó mọṣẹ́ ṣùgbọ́n tí gbígbé fóònù máa ń ni lára. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó tún pè. Oòrùn ti gòkè, wọ́n ti ń gbé bẹ́ǹṣì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó wà lódìkejì ọ̀nà. Ó ń pè, ó ń dá ọwọ́ dúró, ó ń pè. Fidèle padà wọlé, ó jókòó sí igun, ó gbé orí sí ògiri. Ìgbà tí Jídé gbé e, Chérifatou ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi fóònù náà sọ̀kò.

"Madaamu, ẹ má bínú o, mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ó ro ẹjọ́ fún un. Jídé já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Kò sí wàhálà lọ́dọ̀ tiwa o. Ẹ tún ti ọ̀dọ̀ yín wò."

"Mo ti wò ó. Jídé, gbọ́ mi. Má wo ohun tí ẹ̀rọ rẹ kọ sílẹ̀. Wo ohun tó ń wọlé kí ó tó kọ ọ́."

Chérifatou ń gbọ́ bí Jídé ṣe ń tẹ nǹkan lọ́hùn-ún. Fidèle ti gbé orí kúrò lára ògiri.

"Ó ń wọlé o," Jídé wí nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. "Ìlà yẹn ń wọlé dáadáa. Àwa la ń jù ú nù."

"Ẹ ń jù ú nù ké?"

"Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní lágbájá ló rán òun là ń gbà gbọ́, madaamu. Ẹnikẹ́ni lè pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Ibodè tí orúkọ rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ wa nìkan là ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ tí ibodè yín ń jẹ́ kò sí níbí. Èyí tó wà níbí yàtọ̀."

"Orúkọ wo ló wà níbẹ̀?"

Jídé kà á jáde bí ẹni tó ń ka orúkọ ìlú tí kò dé rí: "Bàbá-Abẹ́-Ọdán."

Chérifatou fi ọwọ́ bo ẹnu.

Orúkọ ibodè ni Babalọlá. Bàbá Babalọlá, olórí ẹgbẹ́, ló fún wọn ní yàrá tí wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì, nígbà tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ dé, gbogbo ẹgbẹ́ ní orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ̀rọ náà máa jẹ́. Ó dùn mọ́ kálukú nínú. Ṣùgbọ́n Bàbá Babalọlá kan náà ló bí Làmídì. Bàbá ọkọ Chérifatou ni, ìyàwó ilé kì í sì í fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ bàbá ọkọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ agbo ilé yẹn, Bàbá Abẹ́-Ọdán ló ń pè é, nítorí igi ọdán tó máa ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń so ibodè mọ́ Kútọnu, Jídé ní kí ó pe orúkọ ẹ̀rọ fún òun lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin jókòó tì í, ó ń bó ẹ̀pà. Chérifatou pe orúkọ náà bó ṣe ń pè é nílé. Ahọ́n rẹ̀ yà sí ọ̀nà tó mọ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yà. Jídé sì kọ ohun tó gbọ́. Ọmọ Kútọnu, kí ló kàn án nípa bàbá ọkọ ẹnikẹ́ni?

"Ẹ pe orúkọ gidi fún mi," Jídé ń wí, "kí n tún un ṣe kíákíá, ọ̀gá mi ò gbọdọ̀ rí i."

Ó kù díẹ̀ kí Chérifatou ní kí ó kọ létà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ó wo ojú Fidèle, ó sì dá ẹnu dúró.

"Má fọwọ́ kàn án."

"Madaamu?"

"Bí o bá tún un ṣe báyìí, kí ni màá fi han àwọn ènìyàn? Wọ́n á ní kò bàjẹ́ rí. Jẹ́ kó wà bó ṣe wà títí ìpàdé yóò fi parí. Àdírẹ́ẹ̀sì tòótọ́ ti ọjọ́ yẹn ńkọ́, ṣé ó wà níbì kan?"

"Ohun tí ẹ̀rọ bá ti jù nù ti lọ nìyẹn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Iṣẹ́ mi ni."

Ó dájú, nígbà náà, pé kò sẹ́ni tí yóò lè mú ẹni tó ṣe é gan-an. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí ó ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́ lójú gbogbo ayé. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kún fọ́fọ́. Bàbá Babalọlá jókòó sórí àga olórí, ó gbé ọ̀pá lé itan. Àṣà ìpàdé yìí ni pé ẹni tó wà lórí àga yẹn kì í la ẹnu títí ẹ̀rí yóò fi parí, kí ó má baà dà bí ẹni tó ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ẹlẹ́rìí náà gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó mọ̀. Kò gbọdọ̀ rán ẹlòmíràn sọ ọ́. Fidèle dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ìyá rẹ̀ wà láàárín àwọn obìnrin, ó fi gèlè bo ojú dé imú.

Clément sọ̀rọ̀, kò sì pẹ́. Ó ní ilẹ̀ Adakplamè wà bẹ́ẹ̀, òjò ń rọ̀ sórí koríko, ebi ọdún tó ń bọ̀ ló ń hù níbẹ̀ yẹn. Ó ní ẹ̀rọ ti jẹ́rìí, ẹ̀rọ kì í sì í gba rìbá. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyà ń jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò di ìyà náà rù.

Chérifatou dìde.

"Èmi ni mo sọ pé ọ́fíìsì ni. Mo wá sọ pé mo ṣì í."

Ariwo sọ. Ó dúró kí ó rọlẹ̀. Ó bẹ Clément kí ó mú fóònù rẹ̀ jáde, kí ó béèrè ọjọ́ katakata níbi tó dúró sí. Clément kọ̀. Àwọn ènìyàn ní kí ó ṣe é. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú, ìka kan ṣoṣo. Chérifatou gbé ẹ̀rọ rẹ̀ yí sí àwọn ènìyàn, ó ní kí Élodie, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ náà, wá ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè.

"Clément, Adakplamè," Élodie kà á. "Àdírẹ́ẹ̀sì: ọ́fíìsì."

Wọ́n ní kí ẹlòmíràn ṣe é. Bákan náà ni. Ìyá àgbà kan láti Kpankou gba fóònù ọmọ rẹ̀, wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́, òun náà wà ní ọ́fíìsì. Ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀ẹ́! Gbogbo wa la wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà nìyẹn!"

Ẹ̀rín bú. Ọkàn Chérifatou fẹ́ balẹ̀. Clément kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ẹ̀rín fi tán.

"Mo rí i pé ó bàjẹ́ lónìí," ó wí. "Ta ló sọ pé ó ti bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n pa tiwa rẹ́? Òní ni wọ́n lè bà á jẹ́, àná ni wọ́n lè bà á jẹ́. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tí kò rí i pé òótọ́ ni. Ẹ̀rín kú lẹ́nu kálukú. Chérifatou ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ibodè dé ló ti bàjẹ́. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní òun ló bà á jẹ́: orúkọ ni òun pè fún Kútọnu, òun kò sì pe èyí tó yẹ.

"Èwo lo pè?" Clément bi í.

"Bàbá Abẹ́-Ọdán."

Àwọn ènìyàn wo ojú bàbá lórí àga. Bàbá kò mi.

"Èwo ló yẹ kí o pè?"

Chérifatou wo iwájú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó bó ẹ̀pà lọ́jọ́sí wà níwájú gan-an, ojú rẹ̀ le koko.

"Clément, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n!" obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ẹ má fi ìyà jẹ ìyàwó ilé!"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí èmi mọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Òun ló ń jẹ́rìí. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé orúkọ kan wà tó yẹ kí ó pè tí kò pè, kí ó pè é, ká gbọ́."

Ojú ń ti Chérifatou, ẹ̀rù sì ń bà á. Obìnrin tó bá pe orúkọ bàbá ọkọ ní gbangba, orin ni àwọn obìnrin ilé yóò fi í kọ, wọ́n á ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́ orin náà. Ó wo bàbá, bóyá yóò la ẹnu gbà á sílẹ̀. Bàbá kò lè la ẹnu. Ó wo Fidèle lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Fidèle ń wo ilẹ̀, kò tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Marguerite ti ká gèlè kúrò lójú.

Ó kúnlẹ̀, ó kọjú sí àga olórí.

"Babalọlá," ó wí. Ó tún un wí kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. "Babalọlá ni orúkọ tó yẹ kí n pè."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé orí.

"Òo!"

Bàbá lórí àga ló dáhùn. Ó dáhùn sókè bí ẹni tí wọ́n pè láti oko jíjìn, ó sì fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Wọ́n pè mí, mo jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kọrin nínú ilé mi. Ẹ̀rí ti parí." Ó wo àwọn ènìyàn yí ká. "Katakata yóò kọ́kọ́ dé Adakplamè, kí ẹnikẹ́ni tó tún lò ó. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kí ọmọ yìí lọ, kó dìde dúró."

Clément nìkan ló wà lórí ìdúró láàárín àwọn tó jókòó. Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó wo Marguerite, ó sì fi ara balẹ̀ jókòó. Fidèle fi ojú pamọ́ sẹ́yìn òpó náà, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò sì sí ẹni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí ìpàdé tú, Chérifatou rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó pe Jídé. Lọ́tẹ̀ yìí Jídé gbé e lójú ẹsẹ̀.

"Ó yá, madaamu. Kí ni orúkọ ibodè yín?"

Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á, kò sí ohun tó jáde. Ó wo ẹ̀yìn, Fidèle ń bọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì tutù. Ó na fóònù sí i.

"Jọ̀ọ́, bá mi pè é fún un."

Fidèle gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń pe orúkọ náà ní létà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí Jídé fi kọ ọ́ tán.